Òkè ń bẹ nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, ẹsẹ̀ wa la ò fẹ́ lò

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń jẹ mí lẹ́nu yìí kí n sinmi. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá à ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, ilé, ibi iṣẹ́ àti ilé ìtajà nìkan la mọ̀. Èmi náà wà níbẹ̀ o, ọdún kẹsàn-án mi rèé nílùú yìí, tí wọ́n bá ti dárúkọ òkè báyìí, Scotland ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn, mo rò pé àfi kéèyàn tọrọ ààyè lẹ́nu iṣẹ́ kó tún fi gbogbo òru jókòó sínú bọ́ọ̀sì kó tó lè fojú rí òkè tó jọjú. Àṣé ìtòsí ibí ni. Ẹ wọ tíréènì ní Waterloo, kò ju bíi wákàtí kan lọ, ẹ ti sọ̀ ní Box Hill & Westhumble nìyẹn.

Ara àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Surrey Hills ni Box Hill wà, látọdún 1958 nìjọba sì ti ń fòfin dáàbò bo gbogbo agbègbè yẹn kí wọ́n má baà kọ́lé kọ́lé kí wọ́n ba ẹwà ẹ̀ jẹ́. Gíga Box Hill ò ju mítà 224 lọ. Ẹ má fojú di í ṣá.

Kẹ́ ẹ tó gùn ún, ẹ máa kọ́kọ́ sọdá odò kan tó ń jẹ́ Mole. Afárá wà, àmọ́ ẹ má gba ti afárá. Òkúta 17 ni wọ́n tò sínú omi láti bèbè dé bèbè, ọ̀kọ̀ọ̀kan lèèyàn ń tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ọmọkùnrin kékeré kan wà níwájú mi tó ń ka òkúta sókè bó ṣe ń fò, ìgbà tó dé orí ìkẹrìnlá ó dúró, ó wo omi, ó wo ìyá ẹ̀ lódìkejì, ó bá jókòó. Gbogbo àwa tá a wà lẹ́yìn ẹ̀ náà dúró sórí òkúta tiwa, kò sẹ́ni tó bínú. Nígbà tó yá ó dìde, ó ní "mẹ́ẹ̀ẹ́dógún" lédè òyìnbó, ó fò. Nígbà ogun Hitler, wọ́n ba àwọn òkúta tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ káwọn ọ̀tá má baà rí ibi gbà, 1946 ni wọ́n tó wá to àwọn tuntun yìí. Tójò bá ti pọ̀, omi máa ń bò wọ́n, ìgbà yẹn lẹ lè gba orí afárá, mi ò ní bá yín jà.

Lẹ́yìn odò ni wàhálà kù sí. Ẹfun ni òkè yẹn, ẹfun gidi, tójò bá ti rọ̀ sí i, ńṣe ló máa ń yọ̀ bí ọṣẹ tí wọ́n gbàgbé sínú omi. Kánfáàsì dúdú ni mo wọ̀ lọ, kí n tó dé ìdajì ó ti funfun, orúnkún mi méjèèjì náà ti funfun torí mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tá a jọ lọ sì ń rẹ́rìn-ín dípò kó fà mí dìde. Mo sinmi níbi mẹ́rin. Ẹ sì wò ó, níbi eré Olympics 2012, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án làwọn ọkùnrin tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré gun òkè yìí kí wọ́n tó yí padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án o!

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù lókè níbẹ̀ ni òkúta ìrántí sójà kan tó ń jẹ́ Peter Labilliere. Lọ́dún 1800 tí bàbá yẹn kú, orí kodò ni wọ́n sin ín. Wọ́n ní òun fúnra ẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, pé ayé ti dorí kodò, tó bá dọjọ́ tí wọ́n máa yí i padà, òun nìkan ló máa dúró dáadáa. Mo dúró níbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, ìgbà tó yá mo rántí àwọn ìròyìn tí mo kà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ní bàbá yìí mà gbọ́n o.

Àmọ́ èyí tó ń bí mi nínú ni pé tí mo bá sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi, èsì tí mo máa ń gbọ́ ni "nǹkan òyìnbó nìyẹn jàre". Báwo ló ṣe jẹ́ ti òyìnbó? Leopold Salomons ló fowó ẹ̀ ra ilẹ̀ yẹn tó sì fi ta gbogbo ìlú lọ́rẹ lọ́dún 1914, kò sì sọ pé kí dúdú má débẹ̀. Kò sí owó ìwọlé, àwọn tó bá gbé mọ́tò lọ ni wọ́n ń san owó páàkì. Àwọn onímọ́tò yẹn gan-an, yàtọ̀ sí àgbàlagbà àti ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, mi ò ka tiwọn sí gígun òkè, kéèyàn wakọ̀ dókè, ya fọ́tò méjì, kó padà sílé!

Leith Hill ló kàn, mítà 294 nìyẹn, ilé ìṣọ́ tún wà lórí ẹ̀ téèyàn lè gùn sí i. Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀, Waterloo. Mo ti ra bàtà tó ṣeé fi rìn nínú ẹrẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun náà ń bọ̀, ó ní òun fẹ́ wá wo ibi tí mo máa ṣubú sí lọ́tẹ̀ yìí.