Ẹ Jẹ́ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Fọwọ́ Kan Kọ̀ǹpútà

Ohun tó ń bí mi nínú lọ́dọọdún ni bí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga wa ní Nàìjíríà ṣe ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà láìjẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rárá. Olùkọ́ á máa ka ìwé sókè, àwọn ọmọ á máa dà á kọ: ìran kìíní kọ̀ǹpútà, ìran kejì, ìran kẹta. Wọ́n mọ̀ pé ọdún 1946 ni wọ́n fi ENIAC, ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, han aráyé ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n ṣí fódà tuntun kí wọ́n sì tọ́jú fáìlì sínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò kàn máa wò yín lójú ni.

Ti ìdánwò ló burú jù. Bírò àti bébà ni wọ́n ní kí ọmọ fi kọ prógíráàmù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé! Bẹ́ẹ̀, bí àmì kan ṣoṣo bá yẹ̀ nínú Python, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ prógíráàmù, ẹ̀rọ yóò kọ̀ jálẹ̀, yóò tọ́ka sí ìlà tó fura sí, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ yóò tún un ṣe, yóò sì tún un dán wò títí yóò fi yé e. Bébà kò lè ṣe ìyẹn fún un.

Mo mọ̀ pé iná mànàmáná kò ṣeé gbọ́kàn lé, owó ẹ̀rọ sì ti wọ́n, ṣùgbọ́n kí ló dé tí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti rà yóò wà nínú yàrá tí wọ́n tì pa, títí di ọjọ́ tí àwọn aṣàyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ NUC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn yunifásítì, bá dé? Àwọn òbí ti sanwó. Ẹ ṣí yàrá náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.