Ọsibítù tó ń kọ́lé: ṣé iṣẹ́ wọn nìyẹn?

Báyọ̀_Nọ́ọ̀sì: Ní 2018, Kaiser Permanente, iléeṣẹ́ ọlọ́sibítù kan ní Amẹ́ríkà, ní àwọn máa ná $200 mílíọ̀nù sórí ilé tágbára mẹ̀kúnnù ká, nígbà tó di 2022 wọ́n ní ó ti di $400 mílíọ̀nù. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé iṣẹ́ ọsibítù nìyẹn?

ÌyáBọ̀sẹ̀: Bíìlù ńkọ́? Kí wọ́n kọ́kọ́ dín bíìlù kù ná.

Déjì_Aláwàdà: Dókítà ti di láńlọ́ọ̀dù 😂 tóo bá jẹ owó ilé, abẹ́rẹ́ ni

Àlàbá02: Rúùmù mélòó ni? Mo nífẹ̀ẹ́ sí i

Mosún: Ẹ̀yin tẹ́ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ọmọ tó ní ásímà, ẹ fún un ní ìnhélà, ó padà sílé tómi ń jò, tí ògiri ti bu, tí aáyán àteku ń sáré kiri, kò ní pẹ́ tó tún fi dé ẹmájẹ́ńsì, ká má tiẹ̀ wá sọ àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n fi ọ̀dà olójé, tó jẹ́ májèlé, kùn kí Amẹ́ríkà tó fòfin dè é ní 1978. Oògùn wo ló fẹ́ ràn án?

Ọ̀gáTáíwò: Àánú kọ́ o. Wọ́n ní àwọn ò wá èrè, wọn kì í san owó orí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi han IRS, àjọ tó ń gbowó orí ní Amẹ́ríkà, pé àwọn ń ṣe àdúgbò lóore. Òfin ìlera Obama ti 2010 ló ní kí wọ́n máa ṣèwádìí lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta nípa ohun tó ń da ìlera àdúgbò wọn láàmú.

Kẹ́mi4Real: @Ọ̀gáTáíwò o ò mọ nǹkan kan. Kaiser ń ta inṣọ́ránsì pẹ̀lú, tára oníbàárà bá le, owó dúró sápò wọn nìyẹn, owó orí kọ́.

Ọ̀gáTáíwò: Ta lò ń sọ "o ò mọ nǹkan kan" sí? Àkọ́bí mi jù ẹ́ lọ

Kẹ́mi4Real: Ẹ má bínú sà. Ẹ Ò mọ nǹkan kan.

Ọ̀gáTáíwò: Wọn ò kọ́ ẹ nílé

Déjì_Aláwàdà: Kí Kaiser bá wa kọ́ ọ 😂😂

ÌyáBọ̀sẹ̀: MO NÍ BÍÌLÙ ŃKỌ́??? Ẹni tó ń gbowó abẹ́rẹ́ láá tún máa gbowó ilé?

Mosún: Ọsibítù University of Illinois ní Chicago, láti 2015 ni wọ́n ti ń bá àwọn tó ń sùn síta, tí ẹmájẹ́ńsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ilé wọn, wá ibi tí wọ́n máa gbé. Ṣé ìyẹn náà burú?

Kẹ́mi4Real: @Ọ̀gáTáíwò ẹ fi òbí mi sílẹ̀ o

Ọ̀gáTáíwò: Mi ò dárúkọ òbí ẹ

Kẹ́mi4Real: Ta ló ń kọ́ ọmọ nílé, ṣé láńlọ́ọ̀dù ni?

Báyọ̀_Nọ́ọ̀sì: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn ìbéèrè mi

Ọ̀gáTáíwò: Mo ti blọ́ọ̀kù ẹ̀

Àlàbá02: Báyọ̀, ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Ṣé ilé ìdáná wà nínú ẹ̀?

Báyọ̀_Nọ́ọ̀sì: A ò rẹ́ǹtì ilé o!!! Ẹ ka ohun tí mo kọ

Àlàbá02: Ó dáa. Mélòó lẹ máa gbà níkẹyìn?