Ọdún tí a fi wá neutrino kò ṣòfò

Akọ̀ròyìn kan kọ ọ́ pé ọdún mẹ́wàá tí àwọn onímọ̀ fi wá irú ìkọlù neutrino kan tí ó ṣọ̀wọ́n láìrí i ti ṣòfò; ohun tí ó sọ yìí dùn mí. Neutrino jẹ́ èérún tín-ín-tín tí ó sábà máa ń gba inú nǹkan kọjá láìkọlu ohunkóhun. Ó ju ogún ọdún lọ tí onímọ̀ kan, Raymond Davis, fi ń ka átọ̀mù argon (èyí tí neutrino ń mú jáde bí ó bá kọlu olómi náà) díẹ̀díẹ̀ láti inú àgbá olómi ńlá kan nínú ihò ìwakùsà Homestake ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí ìṣirò sọ ni ó sì ń rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ṣi iye kà. Kò ṣì í kà rárá: àwọn neutrino tí ń ti inú oòrùn bọ̀ ń yí padà lójú ọ̀nà di irú mìíràn tí àgbá rẹ̀ kò lè rí ni, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2002.

Ní ti ẹni tí ó béèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi ń gbé irinṣẹ́ olówó ńlá sábẹ́ àpáta, èmi tí mo ń kọ́ni ní físíìsì ní Kétu ti gbé aago ọwọ́ mi sórí tábìlì rí lọ́jọ́ ọjà, tí mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́tí sí ìró rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ. Nígbà tí a tún un ṣe lálẹ́, gbogbo wọn ló gbọ́. Bí ariwo ọjà ni àwọn ìtànṣán tí ń rọ̀ sílẹ̀ láti òfuurufú rí. Àpáta a máa dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn dúró, ṣùgbọ́n neutrino ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ìdí nìyí tí Super-Kamiokande, irinṣẹ́ tí ń wá neutrino ní Jàpáànì, pẹ̀lú 50,000 tọ́ọ̀nù omi rẹ̀, fi wà ní nǹkan bí 1,000 mítà sábẹ́ òkè. Bí wọn kò bá sì rí ohun tí wọ́n ń wá, wọ́n ti mọ iye ìgbà tí irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ jù lọ, èyí tí akọ̀ròyìn náà kò mẹ́nu bà.