Rẹ́ǹtì tó pẹ́ ò ní kẹ́ẹ ti àgádágodo mọ́ ilẹ̀kùn o

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ tẹ́ẹ sọ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ ní tí rẹ́ǹtì bá ti fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́, lańlọ́ọ̀dù lè fowó lé e kó sì ti ilẹ̀kùn pa. Fáìnì tí ò sí nínú àgírímẹ́ǹtì, ibo lẹ ti rí i? Tó bá wà níbẹ̀, ẹ lè béèrè ẹ̀, àmọ́ tí ayálégbé bá kọ̀ tí ò san, kọ́ọ̀tù lẹ ń lọ, kọ́ọ̀tù Májísíréètì Ìṣàbọ̀ l'Ábẹ́òkúta ò kúkú jìnnà. Kẹ́ẹ yọ páànù, kẹ́ẹ já iná, òfin ò gbà á, ẹ̀yin gan-an ni wọ́n á wá pè lẹ́jọ́ (ẹ dẹ̀ máa sanwó lọ́yà). Ẹni tó ń san lọ́dọọdún, nótíìsì oṣù 6 pé kó kó jáde lẹ máa fún un, àfi tí àgírímẹ́ǹtì bá sọ nǹkan míì, lẹ́yìn náà tọlọ́jọ́ 7 pé ẹ fẹ́ gbalé yín padà, kó tó wá di kọ́ọ̀tù.