Ẹ Ní Kó Padà Lọ Gba Lẹ́tà Níbo?

"Kó padà sí ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, kó lọ gba lẹ́tà wá."

Ohun tí akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ gíga kan sọ nípa ọmọ kan lójú mi nìyẹn lọ́sẹ̀ yìí, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù ọwọ́ rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ wo? Guma, ní ìpínlẹ̀ Benue. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ìròyìn á ti mọ ibi tí mò ń lọ. Inú Guma yẹn ni Yelwata wà, níbi tí wọ́n ti pa èèyàn tó lé ní 100 lóru ọjọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù kẹfà ọdún 2025. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti sá kúrò lábúlé tiwọn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń sùn nínú ṣọ́ọ̀bù ọjà. Ibẹ̀ lẹ ní kí ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lọ gba lẹ́tà, kó tó lè wọlé ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ n rọra sọ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ní, ní Òrù nílẹ̀ Ìjẹ̀bú níbí. Mò ń ṣe fọ́tòkọ́pì, mò ń tẹ̀wé, mò ń ya pásípọ́tò. Kò sí ìwé tí ìjọba ń béèrè lọ́wọ́ aráàlú tí kì í gba iwájú mi kọjá. Ìyá ọmọ yìí, Ìyá Benue ni gbogbo wa ń pè é. Lẹ́yìn ìpakúpa tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ sin èèyàn 73 pọ̀ lọ́jọ́ kan ní Makurdi, ni wọ́n kúrò nílé. Ọkọ rẹ̀ ò bá wọn dé Makurdi. Wọ́n gbé nínú ìbùdó fúngbà díẹ̀, kí àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ oko lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó tó ní kí wọ́n máa bọ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń bá wa bó ẹ̀gẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sí Èkó tẹ́ ẹ ń da omi tútù àti ẹ̀pà sí gaàrí Ìjẹ̀bú, tẹ́ ẹ ń ní kò sí irú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi yan án ti gba ọwọ́ màmá yìí kọjá.

Ọmọ náà parí sẹ́kọ́ńdìrì níbí, ó yege, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan sì mú un. Ó kó gbogbo ohun tí wọ́n béèrè kalẹ̀, ó ku lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀ tó ti wá, èyí tó ń jẹ́rìí pé ọmọ ibẹ̀ ni. Èyí tí wọ́n ní ò ju àfidéfíìtì tí wọ́n búra sí ní kóòtù pé gbogbo ìwé ilé ti jóná mọ́lé. Màmá fi ọ̀rá méjì wé e, síbẹ̀ omi ẹ̀gẹ́ ráyè dé igun rẹ̀ kan, ó sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú, ó sì jẹ díẹ̀ nínú òǹtẹ̀ kóòtù. Èmi ni mo bá wọn ṣe ẹ̀dà rẹ̀ títí tó fi ṣeé kà. Nígbà tí ọmọ ní wọn ò gbà á, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo bá a lọ.

Mo ṣàlàyé fún ọ̀gá akọ̀wé. Mo ní ilé jóná, bàbá kú, abúlé tú. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ìwé lèmi ń gbà, n kì í gba ìtàn."

Inú mi ò tíì rọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Kì í ṣe àánú la wá ń tọrọ níbẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà jókòó ní Kampala lọ́dún 2009, wọ́n ṣe àdéhùn lórí àwọn tí ogun tàbí omíyalé lé kúrò nílé wọn láàárín orílẹ̀-èdè tiwọn. Nàìjíríà fọwọ́ sí i, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú lọ́dún 2012. Ẹ lọ ka abala 13 rẹ̀. Ó ní kí ìjọba bá wọn ṣe ìwé tuntun dípò èyí tó sọnù tàbí tó bàjẹ́, kó má sì gbé ẹrù tó ju agbára lọ lé wọn lórí. Àpẹẹrẹ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ tí wọ́n wá kọ síbẹ̀ ni pé kí wọ́n ní kí èèyàn padà sí ibi tó ti sá wá kó tó rí ìwé gbà! Àfi bí ẹni pé àwọn tó kọ ọ́ ti tò sẹ́yìn wa níwájú akọ̀wé yẹn rí. Ìlànà tí àjọ UN gbé jáde lọ́dún 1998 sì ti sọ ohun kan náà ṣáájú wọn.

Ṣùgbọ́n Nàìjíríà la wà. Abala 12 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní àdéhùn òkèèrè ò lágbára òfin nílé àyàfi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin. Àbá ń wọlé, àbá ń jáde, ọdún ń gorí ọdún. Lọ́dún 2021, Abuja gbé ìlànà kan kalẹ̀ fún àwọn tó sá kúrò nílé. Ẹ lọ bi akọ̀wé wa bóyá ó gbọ́ ọ rí.

Ohun tó tún bí mi nínú ni pé Òrù ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Òrù kan náà tí ìbùdó ogunléndé wà láti 1990, nígbà tí ogun gba Liberia kan, tí ti Sierra Leone tún tẹ̀ lé e, títí wọ́n fi tì í lọ́dún 2007. A bá wọn rajà, a bá wọn gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní káàdì lọ́wọ́, orúkọ wọn wà lọ́dọ̀ UN. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dáa fún wọn, ẹ má jẹ́ á tan ara wa, àwọn kan há síbẹ̀ lẹ́yìn tí ìbùdó ti kógbá sílé. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, ẹnì kan kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Odò Ọya ni Ìyá Benue rékọjá, kò rékọjá bọ́dà. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ọ̀rọ̀ ààbò ni, pé a ò mọ ẹni tó ń wọ̀lú. Ẹ bi èmi tí mo ni ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó fẹ́ ṣebi, ìwé tirẹ̀ ló máa ń pé jù. Oṣù kan kì í lọ kí ẹnì kan má wá bẹ̀ mí pé kí n bá òun yí orúkọ inú lẹ́tà padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń sọ pé kí kálukú jókòó sílùú bàbá rẹ̀, ẹ rọra. Ogun ló kó Mákùn, Òfin àti àwọn ìlú Rẹ́mọ yòókù jọ sójú kan tí wọ́n fi di Ṣágámù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ta ló bi wọ́n ní lẹ́tà?

Ibi tó wá dojú rú fún mi rèé. Bá a ṣe padà dé ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kan gbọ́ ohun tá à ń sọ. Ó ní kí la ń da ara wa láàmú sí, ká ra lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú tiwa níbí fún ọmọ, òun mọ ẹni tó ń bá èèyàn ṣe é. Ọmọ ti fẹ́ gbà. Màmá ló ní rárá. Mo rò pé ẹ̀rù ọlọ́pàá ló ń bà á. Ó ní, "Bọ̀dá kọ̀ǹpútà, tó bá di ọmọ Ìjẹ̀bú nínú ìwé, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ká wá gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní Guma, kí ló máa mú jáde fún wọn?"

Mi ò rí ohun sọ. Ṣé ẹ rí i, ohun tí mo ti ń tò sọ́kàn láti kọ síbí ni pé kí ìpínlẹ̀ Ògùn fún irú wọn ní ìwé ọmọ onílùú, kí ọ̀rọ̀ parí. Àdéhùn Kampala ní wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti padà sílé, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró síbi tí wọ́n wà, àwọn fúnra wọn ni kó yàn. Ṣùgbọ́n orí fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ yẹn, ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fàyè rẹ̀ sílẹ̀, màmá ò sì tíì ṣe tán láti pa Guma rẹ́ níbẹ̀. Mi ò tún mọ èyí tí ǹ bá gbà á nímọ̀ràn mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Makurdi, tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà Gbajimba níbi tí sẹ́kítéríàtì Guma wà, ṣé wọ́n lè kọ lẹ́tà yìí fún ọmọ láìjẹ́ pé ó débẹ̀ fúnra rẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn lábẹ́ níbí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìforúkọsílẹ̀ ń parí.