Ẹ kíyè sí òrùlé náà
Inú mi dùn sí ìròyìn káfíńtà tó fẹ́ sọ ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ nítòsí ojú irin Ọ̀fà di ilé gbígbé àti ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́ nǹkan kan nípa òrùlé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, páànù asbestos, ìyẹn páànù tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì àti fọ́nrán òkúta ṣe, ni wọ́n fi bo púpọ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ láyé ọjọ́un. Bí wọ́n bá fi ayùn gé e, eruku rẹ̀ tí ojú kò rí a máa wọnú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n bomi rin ín, kí wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lódindi. Kí ògiri búlọ́ọ̀kù tó máa pààlà láàárín ilé gbígbé àti ibi iṣẹ́ sì kan òrùlé, kí àwọn ọmọ má bàa máa fa lẹ́búlẹ́bú pákó símú lójú oorun.