Ta ló sọ pé àṣìṣe ni IIII tó wà lójú aago?

Ẹ wo aago ògiri tó ní nọ́ńbà Róòmù, irú èyí tí àwọn àgbà máa ń gbé kọ́ sí pálọ̀. Níbi aago mẹ́rin, bóyá lẹ máa rí IV. IIII lẹ máa rí, ọ̀pá mẹ́rin tó tò lọ gbọọrọ. Bí ẹnì kan bá ti ṣàkíyèsí rẹ̀ báyìí, ẹjọ́ dé nìyẹn: wọ́n á ní ayédèrú ni aago náà, wọ́n á ní ẹni tó ṣe é ò kàwé.

Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Aago Cartier tó jẹ́ ojúlówó, tí owó rẹ̀ tó ra mọ́tò, IIII ló sábà máa ń wà lójú rẹ̀.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni èrò yìí ti wọ̀ wá lórí. Tíṣà kọ Roman figure sójú bọ́ọ̀dù: I jẹ́ 1, V jẹ́ 5, X jẹ́ 10, L jẹ́ 50, C jẹ́ 100, D jẹ́ 500, M jẹ́ 1,000. Òfin wá tẹ̀ lé e: lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ tẹ̀lé ara rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, tó bá ti fẹ́ di ẹ̀ẹ̀mẹrin, gbé kékeré ṣíwájú ńlá, kí o sì yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀. Òfin náà kò burú, ó ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa yege. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé a gbà pé àwọn ará Róòmù ló fi lélẹ̀, tí wọ́n sì ń pa á mọ́. Wọn ò pa á mọ́.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Róòmù fúnra rẹ̀. Colosseum, ilé ìran ràgàjì tí wọ́n ṣí ní ọdún 80, ní ẹnu ọ̀nà 80. Wọ́n fín nọ́ńbà sórí 76 nínú wọn, kí àwọn èrò ìwòran lè mọ ibi tí wọ́n máa gbà wọlé. Apá kan ilé náà ti wó, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà kan láti XXIII dé LIIII ṣì wà lára òkúta títí dòní. LIIII, 54 nìyẹn o, kì í ṣe LIV. Ti ẹnu ọ̀nà 44 ló wá dùn jù: XLIIII ni wọ́n fín síbẹ̀. Ẹ tún un wò dáadáa. XL ni 40, wọ́n yọ 10 kúrò nínú 50 gẹ́gẹ́ bí tíṣà ṣe wí. Nígbà tí wọ́n dé orí 4, wọ́n to ọ̀pá mẹ́rin kalẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Òkúta kan náà ni wọ́n ti pa òfin mọ́, tí wọ́n tún ti rú u. Bí ọmọ yín bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lónìí, òdo ló máa gbà (òdo tí àwọn ará Róòmù gan-an ò ní àmì kankan fún).

Ẹ̀rí kejì wà ní Jámánì, ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ìlú Bonn. Òkúta ìrántí balógun ọ̀rún kan ni, Marcus Caelius, tó kú ní ọdún 9 lẹ́yìn ìbí Kírísítì, nígbà tí àwọn ẹ̀yà Jámánì lúgọ de ọ̀gágun Varus nínú igbó Teutoburg, tí wọ́n sì run ẹgbẹ́ ogun Róòmù mẹ́ta. Àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Publius, ló ṣe òkúta náà fún un. Ẹgbẹ́ ogun 18 ni Caelius wà. Àwa máa kọ ọ́ ní XVIII. XIIX ni wọ́n fín síbẹ̀, ọ̀pá méjì láàárín X méjì. Ọmọ Yorùbá tó ń ka eéjìdínlógún lójoojúmọ́ ò yẹ kó béèrè àlàyé lórí ìyẹn, torí bákan náà ni Látìnì ṣe ń pe 18: duodeviginti, ogún tó dín méjì. Wọ́n tún kọ ọjọ́ orí rẹ̀ síbẹ̀, LIII S. Ọdún 53 àti ààbọ̀ ni. S yẹn ló dúró fún ààbọ̀. Tíṣà wo ló kọ́ yín ní S?

Àwọn kan á ní Louis XIV, ọba Faransé, ló pàṣẹ pé kí wọ́n máa kọ IIII sójú aago. Ìtàn dídùn, àmọ́ IIII ti wà lára òkúta ní Róòmù ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ kí wọ́n tó bí Louis. Àwọn mìíràn ní ìbẹ̀rù òrìṣà wọn Jupiter ni, torí IV ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, IVPITER. Bó bá jẹ́ ìbẹ̀rù ni, wọn ì bá má kọ IV rárá; wọ́n sì kọ ọ́. Èyí tó wọ̀ mí létí díẹ̀ ni pé IIII ń jẹ́ kí ojú aago gún: wákàtí mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ I nìkan, V wà nínú mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, X wà nínú mẹ́rin ìkẹyìn. Síbẹ̀, kì í ṣe dandan fún ẹnikẹ́ni. IV ló wà lójú Big Ben ní Lọ́ńdọ̀nù, aago náà sì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yìn ayé àwọn ará Róòmù ni òfin ilé ìwé yìí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, kò sì tíì mú gbogbo ibi. Ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà, wọ́n kọ ọdún 1910 sára Admiralty Arch, ilé ńlá kan tí ọ̀nà gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. MCMX ni tíṣà máa fẹ́. MDCCCCX ló wà níbẹ̀, C mẹ́rin gbáko, lójú títì.

Nínú ìdánwò ṣá, IV ni kí ẹ kọ. Ẹni tó ń máàkì kì í ṣe ará Róòmù.